Iṣẹ́ Òòjọ́ Kò Dí Agbérin Lọ́wọ́

Àwíjàre tí ó wọ́pọ̀ jù lọ lẹ́nu àwa tí a ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́ ní ìlú Òṣogbo yìí, bí ọ̀rọ̀ eré ìdárayá bá délẹ̀, ni pé kò sí àyè. Èmi kò sọ pé irọ́ ni. Ẹni tí ó ṣí ṣọ́ọ̀bù ní aago mẹ́jọ àárọ̀, tí kò tì í títí di aago méje alẹ́, tí ó tún ní láti la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ Ọlá-Ìyá kọjá kí ó tó délé, mo mọ̀ pé bí ó bá jẹun tán, ibùsùn ni ara rẹ̀ ń béèrè. Ohun tí mo fẹ́ sọ yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí. Nínú gbogbo eré ìdárayá tí mo mọ̀, gbígbé ẹrù láti fi mú iṣan lágbára ni ó rọrùn jù lọ láti fi sáàárín iṣẹ́, nítorí pé ìsinmi ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ń sáré kò lè sáré fún ìṣẹ́jú kan, kí ó padà sídìí kọ̀ǹpútà, kí ó tún dìde lọ sáré fún ìṣẹ́jú kan mìíràn, kí ó sì sọ pé òun ti sáré. Ẹni tí ó ń gbé irin lè ṣe bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an ni a sì ṣe ń gbé e.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Sẹ́ẹ̀tì kan, ìyẹn ni kí ènìyàn gbé ẹrù kan sókè sódò ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ tàbí ẹ̀ẹ̀mẹwàá láìdúró, kì í sábà ju ìṣẹ́jú-àáyá 40 lọ. Ẹni tí ó bá ṣe sẹ́ẹ̀tì 15 nínú jíìmù ti ṣiṣẹ́ gidi lọ́jọ́ náà, síbẹ̀ bí a bá ro gbogbo àkókò tí ẹrù fi wà lọ́wọ́ rẹ̀ pọ̀, ìṣẹ́jú 10 péré ni. Kí ni ó wá fi ìyókù wákàtí náà ṣe? Ó sinmi ni. Kì í sì í ṣe ìmẹ́lẹ́, nítorí pé agbára tí iṣan máa ń kó pamọ́ fún iṣẹ́ kíákíá a máa tán nínú sẹ́ẹ̀tì tí ó bá wúwo, ó sì tó ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta kí ó tó kún padà dáadáa. Bí ìsinmi náà bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó di ààbọ̀ wákàtí, kò sí ohun tí ó bàjẹ́. Iṣan kò mọ̀ bóyá orí bẹ́ǹṣì jíìmù ni olúwa rẹ̀ jókòó sí tí ó ń wo fóònù, tàbí ìdí tábìlì iṣẹ́ ni ó padà sí. Ọ̀nà tí mo gbà nìyí: mo yọ ìsinmi kúrò nínú eré ìdárayá, mo sì fi iṣẹ́ dí àyè rẹ̀.

Ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ni mo ń darí ní agbègbè Òkè-Fíà. Káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà, ìwé ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́sálásí, ìbéèrè ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ ní ìparí táàmù, àti iṣẹ́ tí ó máa ń ya wọlé ní oṣù kẹjọ nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun bá kù sí dẹ̀dẹ̀: àwọn wọ̀nyí ni a fi ń jẹun. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé iṣẹ́ alágbára ni iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ó rí bẹ́ẹ̀ dé ìwọ̀n kan fún àwọn ọmọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n fún èmi tí mo ń to ọ̀rọ̀ àti àwòrán sórí kọ̀ǹpútà, ìjókòó ni láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Àfi pé iṣẹ́ náà kún fún ìdúró. A ó dúró kí pléètì tí a fi ń tẹ̀wé jáde. A ó dúró kí oníbàárà yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò kí a tó tẹ̀ ẹ́ (ẹni tí ó bá ti tẹ ìwé ètò ìsìnkú rí mọ̀ pé ẹbí kì í fẹnu kò lórí bí a ó ṣe to orúkọ àwọn ọmọ olóògbé àfi ìgbà tí bébà bá ti wọ ẹnu ẹ̀rọ tán). Bí a bá tẹ ojú kan bébà, a ó dúró kí yíǹkì rẹ̀ gbẹ kí a tó yí i padà láti tẹ ẹ̀yìn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iṣẹ́ tí ó wà lórí ewé kan yóò kó àbàwọ́n bá èkejì. Bí iná bá sì lọ, a ó dúró kí ọmọ iṣẹ́ wá epo sí jẹnẹrétọ̀. Nígbà kan rí, fóònù ni ó ń jẹ gbogbo ìdúró wọ̀nyí. Nísinsìnyí, sẹ́ẹ̀tì kan ń jáde nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, mo sì lérò pé ìdúró irú èyí wà nínú iṣẹ́ gbogbo ènìyàn: télọ̀ ń dúró de áyọ́ọ̀nù kí ó gbóná, olùkọ́ ní àkókò tí kò ní kíláàsì, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Abẹ́rẹ́ ń dúró de fáìlì tí ó wà lọ́dọ̀ ọ̀gá.

Ní ti ẹrù tí a ó gbé, kò dìgbà tí a bá ra irin. Páálí bébà A4 wà ní ilé ìtẹ̀wé gbogbo àti ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì, ìwọ̀n rẹ̀ sì dájú. Ewé A4 mẹ́rìndínlógún ni yóò bo mítà kan níbùú àti lóròó. Bí bébà náà bá jẹ́ ti gíráàmù 80, ewé kọ̀ọ̀kan jẹ́ gíráàmù 5, rímù kan tí ó ní ewé 500 jẹ́ kílò 2.5, páálí tí ó gba rímù márùn-ún sì jẹ́ kílò 12.5. Báàgì omi inú ọ̀rá tí ó ní ogún ẹyọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlàjì lítà, sún mọ́ kílò 10. Èyí tí ó ga jù lójú tèmi ni kẹ́ẹ̀gì lítà 25, nítorí pé lítà omi kan jẹ́ kílò kan: bí ó bá wúwo jù, a ó da omi díẹ̀ sẹ́yìn, bí ó bá ti fúyẹ́ jù, a ó bu omi sí i. Owó kékeré kọ́ ni ènìyàn yóò san kí ó tó rí dọ́ḿbẹ́ẹ̀lì tí ìwọ̀n rẹ̀ ṣeé yí padà bẹ́ẹ̀.

Kẹ́ẹ̀gì méjì ni mo máa ń gbé láàárọ̀ kí oníbàárà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ọ̀kan ní ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀kan ní ọwọ́ òsì. Ti àkọ́kọ́, kí ó kún dé ìlàjì péré, kí ara lè mọ̀ pé iṣẹ́ dé. Lẹ́yìn náà ni ti gidi. Mo dúró sáàárín wọn, mo ti ìdí sẹ́yìn kí n tó tẹ orúnkún, ẹ̀yìn mi wà gbọọrọ. Mo di etí àwọn kẹ́ẹ̀gì mú, mo fa èjìká wálẹ̀, mo sì fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ títí mo fi nà ró ṣánṣán. Omi inú kẹ́ẹ̀gì tí kò kún dé ẹnu a máa mì, a sì máa fa apá síhìn-ín sọ́hùn-ún, ohun tí irin inú jíìmù kì í ṣe. Etí kẹ́ẹ̀gì tín-ín-rín, ó ń gé ọwọ́, nítorí náà mo fi àkísà tí ó mọ́ wé e, èyí tí kò tíì kan yíǹkì. Ìka ọwọ́ ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ fún ènìyàn pé ó tó. Ẹ̀yìn kì í sọ̀rọ̀ bí ó bá tọ́, bí ó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kí a gbé e sílẹ̀ ni ó kàn.

Àwọn yòókù kò ní ìtàn gígùn. Bí iná bá lọ, mo gbá páálí bébà mọ́ àyà, mo lóṣòó, mo dìde. Bí yíǹkì bá ń gbẹ, mo ṣe púṣọ́ọ̀pù, ọwọ́ lórí etí tábìlì ní ọjọ́ tí ara bá wúwo, ọwọ́ nílẹ̀ ní ọjọ́ tí ara bá yá. Mo tún ń fi ọwọ́ kan ti bẹ́ǹṣì, kí n fi èkejì fa kẹ́ẹ̀gì láti ilẹ̀ wá sí ìhà, nítorí pé àwa tí a ń tẹ̀ síwájú kọ̀ǹpútà ní ìdí púpọ̀ láti mú ẹ̀yìn èjìká lágbára ju àyà lọ. Lílóṣòó, títì, fífà, àti gbígbé láti ilẹ̀: ẹni tí ó bá ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láàárín ọ̀sẹ̀, kò sí iṣan ńlá kan tí ó fi sílẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni ó yàtọ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ iṣẹ́ tí ó jẹ́ Mùsùlùmí bá lọ kírun, tí ẹ̀rọ dákẹ́, tí oníbàárà kò sì pọ̀, mo máa ń kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó lọ sí jíìmù.

Ohun tí ó ṣòro ju àyè lọ ni ojú ayé. Ní ọjọ́ kan tí iná lọ, Àlàájà kan tí a ń tẹ káàdì ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ wọlé, ó bá mi lórí ìlóṣòó pẹ̀lú páálí láyà, òógùn ti bo ojú mi. Ó yíjú sí àwọn ọmọ iṣẹ́, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ló fìyà jẹ ọ̀gá yín?” Mo ní, “Àlàájà, ẹ káàbọ̀ mà. Eré ìdárayá ni o.” Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí iṣẹ́ tèmi ṣáà ti parí lọ́la.” N kò dá a lẹ́bi. Ẹnikẹ́ni tí ó bá lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ yìí mọ̀ pé ẹni tí ó pẹ́ dé ni wọ́n máa ń ní kí ó lóṣòó, kí ó na ọwọ́ síwájú. Pé àgbàlagbà kan yóò wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, láàárín ọjà, lórí owó ara rẹ̀, kò bá ojú mu. Àwọn kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n máa wọ yàrá ẹ̀yìn tí a ń kó bébà sí. Mo gbà á wò, mo sì fi í sílẹ̀, nítorí pé kí ènìyàn rìn lọ, kí ó ti ilẹ̀kùn, kí ó tún ṣí i padà bí wọ́n bá pè é, ti ju àkókò tí sẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ yóò gbà lọ. Gbangba ni ó dára jù. Ohun tí a bá ń rí lójoojúmọ́ kì í pẹ́ tí yóò fi sú ojú, kò sì sí ẹni tí ó ń wò mí mọ́.

Atakò tí ó nípọn jù ni ti bàbá tí ó ni ilé tí a háyà. Bàbá sọ pé ní ìgbà tiwọn, ẹnikẹ́ni kì í gbé irin, bẹ́ẹ̀ wọ́n lágbára ju gbogbo wa lọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹni tí ó ń kọ ebè, tí ó ń fa omi nínú kànga, tí ìyàwó rẹ̀ sì ń gún iyán fún ènìyàn mẹ́wàá, ẹrù kò wọ́n láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbésí ayé ti yí ẹrù náà kúrò lọ́rùn àwa. Bọ̀hóólù ń gbé omi sínú táǹkì, ọ̀kadà ń gbé wa dé ẹnu ọ̀nà, àpò èlùbọ́ kò tilẹ̀ dé orí ẹnikẹ́ni mọ́ láàárín ìlú. Ohun kejì tí n kò tètè rí lára ọ̀rọ̀ Bàbá ni pé iṣẹ́ alágbára àti ìdárayá agbára kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọmọ iṣẹ́ mi kan ń gbé páálí bébà láti inú ọkọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ní oṣù kìíní tí ó dé, apá ń dùn ún. Lẹ́yìn náà, ara rẹ̀ mọ́ ọn lára. Láti ìgbà náà, agbára rẹ̀ dúró sójú kan, nítorí pé páálí kò wúwo ju ti àná lọ.

Dókítà ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan, Thomas DeLorme, ni ó fi ojú ìmọ̀ ìṣègùn tan ìmọ́lẹ̀ sí èyí nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ó ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí orúnkún wọn ti bàjẹ́, nígbà tí ó jẹ́ pé ìṣe àwọn dókítà ìgbà náà ni láti fi ẹrù fúyẹ́ ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà. Òun fi ẹrù wúwo sí i, ó ń fi kún un bí ara bá ṣe ń gbà á, ó sì kọ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1945. Nígbà tí ó yá, ó dín iye ìgbé náà kù sí sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ti ẹ̀ẹ̀mẹwàá-mẹwàá: àkọ́kọ́ jẹ́ ìlàjì ẹrù tí ènìyàn lè gbé ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá, èkejì jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀, ẹ̀kẹta jẹ́ odindi. Títí di òní, fífi kún ẹrù díẹ̀díẹ̀ ni òpó tí gbogbo rẹ̀ dúró lé. Mo fi gègé kọ ìwọ̀n omi inú kẹ́ẹ̀gì sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí a fi ń gé bébà; bí mo bá gbé e ní ẹ̀ẹ̀mẹjìlá láìsí wàhálà, lítà kan yóò wọ inú rẹ̀ lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ti yí ohùn padà lórí ọ̀rọ̀ àyè. Ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2010 sọ pé ìrìn kíákíá àti irú eré bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ìṣẹ́jú 10 lẹ́ẹ̀kan kí a tó kà á. Ti 2020 yọ òfin náà kúrò. Ní ti iṣan, wọ́n ní kí àgbàlagbà ṣiṣẹ́ tí yóò mú gbogbo iṣan ńlá lágbára, ó kéré tán, ní ọjọ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀. Kì í ṣe nítorí pé kí ó lè fi apá han ní ibi ìnáwó. Láti ìgbà tí a bá ti tó nǹkan bí ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, ènìyàn tí kò ṣe nǹkan kan nípa rẹ̀ lè máa pàdánù ìwọ̀n 3 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún iṣan rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá, ó sì ń yára sí i lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún. Ibi tí ó ti máa ń hàn ni orí àga tí ó rẹlẹ̀, orí ẹní ìkírun, ẹnu ọkọ̀ tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ga. Ẹni tí ó ń lóṣòó lónìí ń ṣe ìdánwò gbogbo wọn ṣáájú. Iṣan tún ni ó ń gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú ṣúgà tí oúnjẹ dà sínú ẹ̀jẹ̀ wa, èyí tí ó yẹ kí ó jọ àwa ọlọ́kà lójú.

Òógùn ni ìṣòro tí kò ní ọgbọ́n ńlá. Nínú oṣù kejì àti ìkẹta, ooru Òṣogbo kì í fi ojúure wo ẹnikẹ́ni. Síńgílẹ́ẹ̀tì kan, tówẹ́ẹ̀lì kan, bọ́kẹ́ẹ̀tì omi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo sì ń bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń dá oníbàárà lóhùn kọ́ sára ìṣó kí n tó gbé ohunkóhun. Sẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo kì í fa òógùn tó bẹ́ẹ̀. Márùn-ún tí ó tẹ̀ lé ara wọn ni ó ń fà á, ìdí mìíràn nìyí tí pípín in kiri ọjọ́ fi dára. Lẹ́yìn àmàlà ọ̀sán, kí a fi inú sílẹ̀ kí ó sinmi ná. Lọ́dọ̀ ìyá olóúnjẹ, ẹ̀wà àti ẹyin ni mo ń béèrè, nítorí pé ẹyin kan ní nǹkan bí gíráàmù 6 èròjà tí ara fi ń kọ́ iṣan, ẹja náà sì ń bẹ níbẹ̀. Pọ̀nmọ́ dùn, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n kò lè ṣe iṣẹ́ ẹyin.

Ààlà ọ̀nà yìí wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé irin wúwo gidi, kẹ́ẹ̀gì kò ní gbé e débẹ̀. Folashade Oluwafemiayo tí ó gbé kílò 167 ní Paralympics, ìdíje àgbáyé ti àwọn akanda ẹ̀dá, ní Paris ní 2024, irin àti bẹ́ǹṣì àti olùkọ́ ni ó fi dé ibẹ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá di èémí mọ́ra nígbà tí ó ń gbé ẹrù, ńṣe ni ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò fò sókè lójijì. Kí a máa mí jáde bí ẹrù bá ń gòkè. Nínú ilé ìtẹ̀wé, mo tún ní òfin kan tí n kò fi ṣeré: bí ẹ̀rọ bá ń yí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ohunkóhun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ mìíràn wà tí ìdúró kò sí rárá. Ní ìparí táàmù kẹta, tí ilé ìwé méje ń fẹ́ ìbéèrè ìdánwò wọn ní ọjọ́ kan náà, kò sí sẹ́ẹ̀tì kan tí yóò wọ àárín wọn. Ohun tí mo kọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ni pé agbára tí a ti ní kì í tètè lọ bí a bá dín iye ìgbé kù, bí a kò bá sáà ti dín ìwọ̀n ẹrù kù. Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀, kẹ́ẹ̀gì méjèèjì ń kún dé ibi tí wọ́n kún dé tẹ́lẹ̀, mo gbé wọn ní sẹ́ẹ̀tì méjì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo lóṣòó ní sẹ́ẹ̀tì méjì, mo sì padà sídìí ìbéèrè Ìṣirò ti àwọn ọmọ JSS 2, èyí tí olùkọ́ wọn fi ọwọ́ kọ tí n kò sì lè kà.